Bí Ẹ Ṣe Lè Wá Ìdí Àrùn Awọ Ẹran Ọ̀sìn Tí Abẹ́rẹ́ Kò Wò

Orí igi imú ni ti Bingo, ajá wa, ti bẹ̀rẹ̀. Èépá kékeré kan ni, bí ẹ̀kọ gbígbẹ tó lẹ̀ mọ́ ìkòkò. Kí oṣù tó parí, ó ti dé etí méjèèjì, ó ti yí ojú ká, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ìfọ́n ni gbogbo ènìyàn pè é. Ẹni tó ń bá wa tọ́jú ẹran ládùúgbò gún un ní ivermectin, oògùn tó ń pa kòkòrò, ó tún un gún, ó tún un gún lẹ́ẹ̀kẹta. Aládùúgbò kan ní ká fi ọ́ìlì mọ́tò tó ti dúdú pa á lára. Oṣù mẹ́rin gbáko kọjá kí dókítà kan tó gé awọ rẹ̀ díẹ̀, kó fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Kò sí ìfọ́n níbẹ̀ rárá. Ara Bingo fúnra rẹ̀ ló ń bá awọ rẹ̀ jà. Pemphigus foliaceus ni wọ́n ń pe àrùn náà, kò sì wọ́pọ̀.

Nítorí oṣù mẹ́rin yẹn ni mo ṣe kọ ìtọ́sọ́nà yìí. Àrùn awọ tó ṣọ̀wọ́n kì í sọ orúkọ ara rẹ̀. Èépá náà ni, irun tó ń re náà ni, egbò náà ni, bíi ti gbogbo àrùn awọ yòókù. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni pé ká kọ́kọ́ yọ àwọn tó wọ́pọ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀rí tí a fojú rí. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ kan, ẹran rẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ má tíì fi nǹkan kan pa á, ẹ mú ìwé

Ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má fi àdí tàbí ọ̀rá kankan ra á, ẹ má sì já èépá rẹ̀ kúrò. Inú èépá yẹn ni ẹ̀rí wà. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ ìdáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí sí i:

- Ọmọ oṣù tàbí ọdún mélòó ni ẹran náà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀? Ọmọ ajá tí kò tíì pé ọdún kan àbọ̀ tí irun ojú rẹ̀ ń re kò rí bákan náà pẹ̀lú ajá ọlọ́dún mẹ́fà tí awọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàjẹ́.
- Èwo ló ṣáájú, ara yíyún ni àbí egbò? Bí ẹran bá ti ń họra kí egbò kankan tó yọ, ẹ fura sí kòkòrò tàbí ohun tí ara rẹ̀ kò gbà. Bí egbò bá yọ láìsí họra, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn.
- Ṣé ẹran mìíràn nínú ọgbà náà ń họra? Ṣé ènìyàn inú ilé ní èélá tó ń yún un níkùn tàbí lápá?
- Kí ló ń jẹ, kí ló sì yí padà nínú oúnjẹ rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta?
- Oògùn wo ló ti gbà? Ẹ kọ gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí ẹ rà lọ́wọ́ onígbá. Àwọn oògùn kan wà tó lè fa irú àrùn tí Bingo ní.

Ẹ máa ya fọ́tò ojú ibẹ̀ lárààárọ̀. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìléròrò ọlọ́yún tó máa ń jẹ́ àmì àkọ́kọ́ pemphigus kì í pẹ́ rárá. Ó lè yọ láàárọ̀, kó ti bẹ́ kó tó di alẹ́, kó wá ku èépá aláwọ̀ ìyeyè nìkan. Dókítà tó bá rí ẹran yín lọ́sàn-án lè má rí ìléròrò kankan, àmọ́ fọ́tò yín yóò fi hàn án.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ìrù, nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn

Ibi tí àrùn wà lára ẹran ń sọ púpọ̀. Ẹ wo bèbè etí, ìgúnpá, abẹ́ ikùn, àárín ìka ẹsẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀, igi imú àti abẹ́ ìrù.

Bèbè etí àti ìgúnpá ni ìfọ́n gidi fẹ́ràn lára ajá, ẹran náà kì í sì í jẹ́ kí ilé sùn lóru. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ra bèbè etí rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í họ afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ fura sí ìfọ́n. Demodex, kòkòrò mìíràn tó ń gbé inú ihò irun, máa ń jẹ́ kí irun re lójú àti lẹ́sẹ̀ iwájú láìjẹ́ pé ara ń yún ajá náà púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Làpálàpá máa ń rí roboto, etí rẹ̀ a pọ́n, àárín rẹ̀ a máa bó.

Bí ó bá jẹ́ pé ibi tí awọ ti funfun nìkan ló jó, tí ibi dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì dán gbinrin, oòrùn ló jó o, kì í ṣe kòkòrò. Màá padà sí èyí nísàlẹ̀.

Ti pemphigus, apá méjèèjì ló máa ń bára dọ́gba: etí ọ̀tún bíi ti òsì, ojú ọ̀tún bíi ti òsì. Igi imú, ewé etí àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni ilé rẹ̀. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń nípọn tó sì ń sán, tí ajá ń tiro láìsí ẹ̀gún lẹ́sẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ pupa. Ohun tí mo rí lára Bingo nìyẹn, tí mi ò mọ̀ pé ó ní ìtumọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ béèrè fún àyẹ̀wò kí ẹ tó gba abẹ́rẹ́

Ẹ lọ bá dókítà ẹran tó ní maikirosíkóòpù. Bí ẹ bá wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní FUNAAB. Iléeṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Vom, nítòsí Jos, láti ọdún 1924. Àyẹ̀wò mẹ́ta ni kí ẹ béèrè, wọn kì í gbowó gọbọi, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ń jáde lójú ẹsẹ̀.

Èkíní ni fífá awọ. Dókítà yóò fi bíléèdì tí kò mú jù fá ojú ibẹ̀ pẹ̀lú òróró díẹ̀, títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi yọ fírí. Tó bá ń wá Demodex, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìka fún awọ náà pọ̀, kí kòkòrò lè jáde nínú ihò irun. Tó bá ń wá ìfọ́n, ibi púpọ̀ ló gbọ́dọ̀ fá, nítorí kòkòrò ìfọ́n máa ń sá pamọ́ fún awò. Bí wọn kò bá rí Demodex lẹ́yìn fífá tó jinlẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má sí níbẹ̀ lóòótọ́. Bí wọn kò bá rí ìfọ́n, ẹ ò tíì lè búra pé kò sí.

Èkejì ni kí wọ́n tẹ gíláàsì pẹlẹbẹ mọ́ abẹ́ èépá tàbí ọyún inú ìléròrò, kí wọ́n rẹ ẹ́ láró, kí wọ́n sì wò ó. Bakitéríà yóò hàn níbẹ̀. Lára màlúù, ibẹ̀ náà ni Dermatophilus congolensis ti máa ń tú àṣírí ara rẹ̀: ó tò bí ojú irin rélùwéè lábẹ́ awò. Òun ni àwọn darandaran ń pè ní kirchi. Kóńgò ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1915, àsìkò òjò àti eégbọn ló sì máa ń gbé e dìde. Ẹni tó bá rò pé ìfọ́n ni kirchi yóò na owó ivermectin dànù, nítorí bakitéríà ni. Oxytetracycline ló ń gbọ́, pẹ̀lú kí ẹ gbógun ti eégbọn.

Àmọ́ bí dókítà bá rí ọyún tí kò sí bakitéríà nínú rẹ̀, tó wá rí àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ roboto tí wọ́n ti já kúrò lára ẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n rí bí ẹyin díndín, ibẹ̀ ni ìfura pemphigus ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí àrùn náà ń bàjẹ́ ni ìdè tó so sẹ́ẹ̀lì awọ kan mọ́ èkejì. Nígbà tí ìdè já, àlàfo ṣí, ọyún sì kún ibẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni gbígbin irun àti èépá, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá olú tó ń fa làpálàpá yóò hù níbẹ̀. Èyí lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ẹ ní sùúrù fún un, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fo ó. Irú làpálàpá kan wà tó lè ya sẹ́ẹ̀lì awọ sọ́tọ̀ gan-an bíi ti pemphigus. Bí ẹ bá fún ẹran tó ní làpálàpá ní oògùn pemphigus, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún àrùn náà láti gba gbogbo ara nìyẹn. Fìtílà Wood tí àwọn dókítà kan ń tàn sí irun máa ń mú làpálàpá Microsporum canis tàn ní àwọ̀ ewé, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń tàn, nítorí náà kò lè rọ́pò gbígbìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ tọ́jú àwọn tó wọ́pọ̀, pẹ̀lú gbèdéke ọjọ́

Ohun tí àyẹ̀wò bá fi hàn ni kí ẹ tọ́jú. Bí ó bá jẹ́ ìfọ́n, àwọn oògùn bí afoxolaner, fluralaner tàbí sarolaner, tí ajá ń jẹ bí ẹran gbígbẹ, ń ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ fún Demodex pẹ̀lú. Gbogbo ajá inú ọgbà ni kó gbà á bó bá jẹ́ ìfọ́n. Ìfọ́n máa ń ran ènìyàn fún ìgbà díẹ̀, làpálàpá sì ń ràn púpọ̀, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé gbé ẹran náà.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ivermectin, nítorí mo ti rí ajá tó kú lórí rẹ̀. Ìgò tí wọ́n ń tà fún màlúù ní mílígíráàmù 10 nínú mílílítà kan. Òṣùwọ̀n màlúù ni mílílítà kan fún kílò 50. Ẹni tó bá fa mílílítà kan sí ara ajá kékeré oníkílò 5 ti fún un ní ìlọ́po mẹ́wàá òṣùwọ̀n yẹn. Àwọn ajá kan bíi Collie kò lè gba òṣùwọ̀n ńlá rẹ̀ rárá, nítorí wọ́n bí àbùkù kan mọ́ wọn tó ń jẹ́ kí oògùn náà wọ ọpọlọ. Àwọn German Shepherd kan náà ní irú àbùkù yìí. Ẹ wọn ajá yín kí ẹ tó gbà fún ẹnikẹ́ni: ẹ gbé e dání lórí ìwọ̀n, ẹ wá yọ ìwúwo tiyín kúrò.

Ọ́ìlì mọ́tò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ẹran máa ń lá ara rẹ̀. Òjé àti ìdọ̀tí ẹ́ńjìnnì ni ẹ fi ń bọ́ ọ.

Bí bakitéríà bá wà, dókítà yóò kọ antibiotic, yóò sì ní kí ẹ fi ọṣẹ chlorhexidine wẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìfófòó rẹ̀ wà lára ẹran fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó ṣàn án.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ sínú ìwé. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé, tí oògùn tó tọ́ ti wọlé ní òṣùwọ̀n tó tọ́, tí awọ kò sì yí padà, ẹ má gbà kí wọ́n tún un gún. Àkókò ti tó láti gé awọ wò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: gígé awọ fún àyẹ̀wò

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dẹ́rù ba àwa tó ni ẹran. Èmi náà sá fún un. Mo rò pé wọ́n fẹ́ ṣe Bingo léṣe lásán ni. Ohun tí wọ́n ṣe kò ju kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó pa ibẹ̀ kú, kí wọ́n fi irinṣẹ́ roboto tí ẹnu rẹ̀ kò ju mílímítà 6 sí 8 lọ mú awọ ní ojú mẹ́rin, kí wọ́n sì rán an. Ó jẹun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà gé e ló ń sọ bóyá èsì yóò wúlò. Ẹ lè béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí láìtijú:

- Kí wọ́n má fá irun ibẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n má sì fi sípíríìtì nù ún. Wọ́n lè fi sísọ́ọ̀sì gé irun kúrú. Èépá gbọ́dọ̀ bá awọ lọ, bó tilẹ̀ já sọ́tọ̀ kí wọ́n jù ú sínú ìgò náà.
- Ìléròrò tuntun ni kí wọ́n gé bó bá wà, kì í ṣe egbò àtijọ́ tí ajá ti họ títí. Ibi tí fọ́tò yín wúlò jù nìyí: ẹ óò mọ ibi tí tuntun máa ń yọ sí.
- Ó kéré tán, ibi mẹ́ta.
- Kí ẹran má ti gba steroid (irú oògùn bíi prednisolone) fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣáájú, nítorí steroid máa ń nu ẹsẹ̀ àrùn náà nù.
- Kí bakitéríà tó wà lórí rẹ̀ ti lọ, bí dókítà bá rí i pé ó ṣeé ṣe.
- Inú formalin 10% ni kí awọ wà, kí formalin náà tó ìlọ́po mẹ́wàá awọ. Kò gbọ́dọ̀ wọ fíríìsà.
- Kí wọ́n kọ ìtàn ẹran náà mọ́ ọn. Ẹni tó ń wo awọ lábẹ́ awò kò rí ajá yín rí. Àkọsílẹ̀ yín láti ìgbésẹ̀ kìíní ni ojú tí yóò fi rí i. Kí wọ́n sì ní kó fi aró tó ń fi olú hàn wò ó, kí làpálàpá má baà fara pamọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: nígbà tí orúkọ bá jáde

Bó bá jẹ́ pemphigus, ẹ mọ̀ pé kò ràn. Ẹ má lé ajá náà kúrò nílé. Prednisolone ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, nǹkan bíi mílígíráàmù 2 fún kílò kan lóòjọ́, títí ìléròrò tuntun kò fi yọ mọ́. Lẹ́yìn náà ni dókítà yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Òun ló gbọ́dọ̀ pinnu iye rẹ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi wọn oògùn. Nígbà mìíràn, yóò fi azathioprine, oògùn mìíràn tó ń dá ara dúró kó má bá awọ jà mọ́, kún un fún ajá. Ológbò kì í gba azathioprine, ó léwu fún un gan-an.

Ajá yín yóò máa mu omi gan-an, yóò máa tọ̀, ebi yóò máa pa á bí ẹni tí kò jẹun rí, ikùn rẹ̀ lè tóbi. Iṣẹ́ oògùn ni. Ohun méjì ni ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe láé. Ẹ má dá prednisolone dúró lójijì torí pé awọ ti dán. Ara rẹ̀ ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe irú èròjà yẹn fúnra rẹ̀, ó sì lè dákú. Ẹ má sì fi ibuprofen, piroxicam tàbí irú oògùn ìrora bẹ́ẹ̀ kún un, nítorí inú rẹ̀ lè lu. Ẹ tún dá a dúró sínú ìbòòji lọ́sàn-án, oòrùn a máa ru àrùn náà sókè.

Àwọn àrùn ṣíṣọ̀wọ́n mìíràn tí gígé awọ tàbí ìbéèrè nípa oúnjẹ lè tú síta wà. Ẹlẹ́dẹ̀ tí ara rẹ̀ nípọn tó ń sán bí èèpo igi, tí fífá awọ kò sì fi kòkòrò kan hàn, ẹ wo oúnjẹ rẹ̀. Ní 1955 ni Tucker àti Salmon fi hàn ní Amẹ́ríkà pé àìtó zinc ló ń fa irú rẹ̀. Ẹni tó ń da ìkarahun lílọ̀ sínú oúnjẹ ọkà fún ẹlẹ́dẹ̀ rò pé òun ń fún un ní okun eegun ni, àmọ́ kálísíọ́ọ̀mù tó pọ̀ jù kì í jẹ́ kí zinc wọ ara. Ewúrẹ́ tí wọ́n ń fi oúnjẹ adìyẹ tó ń yé bọ́ lè kó sínú wàhálà kan náà, nítorí kálísíọ́ọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ dá a dúró, kí dókítà fún un ní zinc, àyípadà á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ti ẹran tí ibi funfun rẹ̀ nìkan jó, ẹ lọ wo ibi tó ń jẹ̀. Ẹ̀wọ̀n adẹ́lé, igi tí òdòdó rẹ̀ kéékèèké, tó pa àwọ̀ ìyeyè àti pupa pọ̀, tí ewé rẹ̀ ń rùn nígbà tí a bá fi ọwọ́ ra á, ń ba ẹ̀dọ̀ màlúù àti àgùntàn jẹ́. Ẹ̀dọ̀ tó bàjẹ́ kò lè kó ìdọ̀tí ewé tútù jáde, ìdọ̀tí náà yóò wọ awọ, oòrùn yóò sì sun awọ náà. Ìbòòji lójú ẹsẹ̀, kí ẹ kó wọn kúrò ní pápá náà, kí ẹ sì pe dókítà lọ́jọ́ kan náà, nítorí ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, awọ kàn ń fi í hàn ni.

Ọmọ ewúrẹ́ tí èépá bo ẹnu rẹ̀ nìkan, orf ló sábà máa ń jẹ́. Kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ni, ó ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àmọ́ ó ń ran ọwọ́ ènìyàn. Bí ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti imú dídà bá bá a rìn, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, ó lè jẹ́ PPR, àrùn ewúrẹ́ àti àgùntàn tó ń pa agbo tán.

Lẹ́yìn tí ara bá ti yá

Ọdún kejì Bingo lórí oògùn rèé. Bó bá gbà á lónìí, kò ní gbà á lọ́la, bẹ́ẹ̀ ló ń gbà á báyìí, ìwọ̀nba kékeré. Mo ṣì ní ìwé náà. Láràárọ̀, kí oòrùn tó yọ, mo máa ń fi ọwọ́ pa igi imú rẹ̀, mo máa ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Bí ìléròrò tuntun bá yọ, mi ò kí ń fi oògùn kún un fúnra mi. Fọ́tò ni mo máa ń yà, dókítà ni mo máa ń pè kí ọjọ́ méjì tó pé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ti ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn tí ó sùn sínú oòrùn fún gbogbo ọ̀sán kan tí mi ò sí nílé. Mo ti ta tapólì sí ẹ̀yìnkùlé nísinsìnyí.